Ojú Tí Mo Fi Kọ́ Jẹ́jẹ́

Ojú mi tóbi. Ìyá mi ló fún mi, èmi náà ò sì fi ṣòfò. Ẹnu mi mú, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọmọ kíkọ́, ojú ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Tí a bá lọ sílé onílé, tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú ọmọ mi, kì í nawọ́. Ojú mi ló máa kọ́kọ́ wò. Tí mo bá rọra ṣẹ́jú, á dúpẹ́, á jẹun. Tí mo bá ranjú mọ́ ọn, á dúpẹ́, á ní òun ti yó. Ẹnu mi lè máa wí pé, “Gbà á, ṣebí wọ́n fún ẹ ni,” kí ojú mi sì máa wí pé, “Dán an wò.” Ojú ló máa ń gbọ́ràn sí. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ tó ti mọ̀ pé onílé ni ẹnu mi ń bá sọ̀rọ̀, pé òun ni ojú mi ń bá wí.

Jẹ́jẹ́ là ń pè é, nítorí kì í fariwo ṣe nǹkan kan. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ báyìí, òun nìkan sì lèmi àti bàbá rẹ̀ bí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ṣì í ṣe. Ilé ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ la wà, wọ́n gbé àwo ẹran kọjá, ó mú ọ̀kan kó tó wojú mi. Mi ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí a délé ni mo ní kó kúnlẹ̀, kó kọjú sí ògiri, títí orúnkún rẹ̀ fi pọ́n. Bàbá rẹ̀ ní, ṣebí ẹran kan ṣoṣo ni. Mo ní kò sóhun tó ń jẹ́ ẹran kan ṣoṣo, pé àwọn èèyàn ò ní sọ pé ebi ń pa ọmọ, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ò kọ́ ọ ni. Láti ọjọ́ náà, Jẹ́jẹ́ di ẹni tí àwọn ìyá mìíràn fi ń bá ọmọ tiwọn wí. “Ṣé o ò rí Jẹ́jẹ́ ni?” Orí mi a wú. Mò ń sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Nígbà tí a dé ìlú tí a wà yìí, oúnjẹ ló kọ́kọ́ dà wá láàmú. Kì í ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀, torí ìrẹsì ni ìrẹsì ń jẹ́ níbi gbogbo, ata náà sì wà tí èèyàn bá mọ ibi tó ti máa wá a. Àkókò ni. Nílé, ìgbà tí ebi bá pa wá la máa ń jẹun, ẹni tó bá sì wọlé bá oúnjẹ á ṣan ọwọ́. Níbí, aago lebi ń pa. Bàbá Jẹ́jẹ́ rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ búrẹ́dì, ó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ń wọlé lọ́sàn-án pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú etí méjèèjì. Èmi ń fọṣọ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Aago mẹ́wàá ni mò ń wọṣẹ́, aago mẹ́fà ni mò ń ṣíwọ́, aṣọ ìbùsùn ni mò ń kì bọ ẹ̀rọ, tí mò ń yọ, tí mò ń ká, títí ọwọ́ mi á fi máa run ọṣẹ tí mo bá ń jẹun. Aago méje ìrọ̀lẹ́ nìkan ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rí ara wa nídìí tábìlì kan náà. Ilé ìdáná wa ò gba èèyàn méjì. Bí mo bá ń bu ọbẹ̀, ẹni tó fẹ́ mu omi á dúró dè mí. Ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú, páálí la ká sábẹ́ rẹ̀, Bàbá Jẹ́jẹ́ sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ló máa nu ọbẹ̀ tó bá dà.

Ìsàlẹ̀ ilé wa ni Bàbá Télọ̀ ń gbé. Ará ilẹ̀ wa ni, ó ti ń ránṣọ nílùú yìí láti ọgbọ̀n ọdún, ó sì gbọ́ èdè wọn yinniyinni. Òun ló bá wa ka ìwé tí ilé ìwé Jẹ́jẹ́ fún wa. Ó ní wọ́n á máa fún àwọn ọmọ lóúnjẹ lọ́sàn-án, oúnjẹ gidi, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní ó kéré tán, ẹnì kan nínú wa á máa jẹun gbígbóná lọ́sàn-án.

Kí Jẹ́jẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí Bàbá Télọ̀ kọ́ ọ ní gbólóhùn mẹ́ta ní èdè wọn. Àkọ́kọ́ ni “Ẹ káàárọ̀ o.” Ìkejì ni “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ tọ̀.” Ìkẹta ni “Mo ti yó, ẹ ṣeun.” Ìkẹta yẹn ni mo mú kó wí jù, ó wí i títí Bàbá Télọ̀ fi ní òun alára ti yó. Èrò tèmi ni pé tí aládùúgbò kan bá na bísíkíìtì sí i, kó mọ ohun tó máa sọ.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mo máa ń bi í léèrè kí n tó bọ́ bàtà.

“Ṣé wọ́n fún yín lóúnjẹ?”

“Wọ́n fún wa, mọ́mì.”

“O ò sì fi mí ṣẹ̀sín níbẹ̀?”

“Rárá, mọ́mì.”

Màá gbá a mọ́ra, màá ní ọmọ dáadáa ni. Lẹ́yìn náà, á jókòó ti oúnjẹ. Àwo kan, á parí ẹ̀. Àwo kejì, á fi búrẹ́dì nu ìdí rẹ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, “Jẹ́jẹ́, ikùn ẹ ò nídìí ni?” Bàbá rẹ̀ á ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ó ń dàgbà ni, á sì yọ ẹran tó kù nínú àwo tirẹ̀ fún un. Èmi náà gbà pé ó ń dàgbà. Ó ń ga lóòótọ́. Ìgbà tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nídìí, mo di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ ìfọṣọ, torí mo mọ ohun tí ẹ̀rọ máa ń fi aṣọ ṣe. Mo gbé e lọ fún Bàbá Télọ̀, ó gba ìbàdí rẹ̀ sínú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo tún gbé e lọ.

Ó fi tépù wọ̀n ọ́n. Ó ní, “Aṣọ kì í fẹ̀ báyìí o, Ìyá Jẹ́jẹ́.”

Mo ní, “Ẹ̀rọ ni, bàbá. Ẹ ò mọ ẹ̀rọ.”

Ó wò mí, ó gba aṣọ náà sínú.

Ọjọ́ tí ilé ìwé kọ̀wé pè wá, inú wa dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. A rò pé wọ́n fẹ́ yin ọmọ wa ni. Bàbá Jẹ́jẹ́ gbàyè níbi iṣẹ́, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ kóòtù tó wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó sì gbọn ìyẹ̀fun kúrò létí. Èmi wé gèlè. A mú Bàbá Télọ̀ dání kó lè máa túmọ̀ ìyìn náà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ká má bàa pàdánù èyíkéyìí níbẹ̀.

Ọ́fíìsì kékeré kan ni wọ́n mú wa wọ̀. Ọ̀gá ilé ìwé jókòó sẹ́yìn tábìlì, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so awò ojú kọ́rùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni obìnrin tó ń dáná fún àwọn ọmọ dúró sí, ó de aṣọ ìdáná mọ́ ìdí, ó gbá ìwé kan mọ́ àyà. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo rò pé àlùbọ́sà ni.

Ọ̀gá sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ti múra ẹ̀rín sílẹ̀. Mo yíjú sí Bàbá Télọ̀.

“Bàbá, kí ni wọ́n wí?”

“Ẹ dúró ná,” ó ní. Ó bi obìnrin náà ní nǹkan, obìnrin náà dá a lóhùn. Bàbá Télọ̀ bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. “Wọ́n ní ọmọ yín ò jẹun níbí rí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ẹlòmíì ni.”

Obìnrin ilé ìdáná ṣí ìwé tó gbá mọ́ àyà, ó tẹ́ ẹ síwájú wa. Orúkọ àwọn ọmọ ló wà níbẹ̀, ọmọ tó bá jẹun lójúmọ́, obìnrin náà á fi bírò fa ìlà kékeré síwájú orúkọ rẹ̀. Ìlà kún gbogbo rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí orúkọ ọmọ mi. Òfo ni iwájú rẹ̀, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí di àná. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì. Bàbá Télọ̀ ṣì ń túmọ̀ lọ: wọ́n ní wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tó dé, wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní Ọjọ́ Ajé tó kọjá, kílò mẹ́rin ló ti fò lọ lára rẹ̀. Wọ́n ní ó sùn lọ sórí ìwé nínú kíláàsì lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbínú ló kọ́kọ́ dé. Mo dìde. Mo ní, “Ọjọ́ mọ́kànlélógójì, òní lẹ wá ń sọ fún mi? Ẹ̀yin náà ń wò ó, ẹ ń fa ìlà?” Bàbá Jẹ́jẹ́ fà mí láṣọ, mi ò jókòó. Ọ̀gá gbọ́ ohùn mi kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní ojoojúmọ́ lọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí àwọn, tó ń sọ pé, “Mo ti yó, ẹ ṣeun.” Kò sunkún, kò bínú. Wọ́n rò pé oúnjẹ àárọ̀ ilé wa ló wúwo. Ìgbà tó sùn lọ lẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n tó pè é, wọ́n bi í pé ta ló ní kó má jẹun.

Bàbá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fìlà rẹ̀ lórí orúnkún.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ní, “Ẹ sọ ọ́, bàbá.”

“Ó ní mọ́mì òun ni.”

Mo jókòó.

Ìwé kan wà lórí tábìlì, bírò wà lórí ìwé náà, ìdérí rẹ̀ ti ṣí. Ọ̀gá fọwọ́ kàn án bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Bàbá Télọ̀ sì ń túmọ̀. Ọ́fíìsì kan wà tó ń bójú tó ọmọ tí wọ́n bá ń fi ebi pa nílé. Tí wọ́n bá fi ìwé yìí ránṣẹ́, àwọn èèyàn á wá sílé wa, wọ́n á wo inú ìkòkò wa, wọ́n sì lè mú ọmọ náà lọ síbòmíràn títí wọ́n á fi parí ìwádìí. Ó ní ó yẹ kóun ti fi ránṣẹ́ lánàá. Ó ní òun kọ́kọ́ fẹ́ fojú ara òun rí wa pẹ̀lú ọmọ àti oúnjẹ.

Obìnrin ilé ìdáná jáde. Nígbà tó padà, ó gbé àwo dání: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹran kan tó tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ó fi ṣíbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ náà. Jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e wọlé. Ó rí wa, inú rẹ̀ dùn, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàsán mọ́mì, ẹ káàsán dádì, ẹ káàsán Bàbá Télọ̀.” Ìgbà náà ni mo tó rí ọrùn ọmọ mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó, mi ò rí i rí. Eegun ọrùn méjèèjì yọ jáde, kọ́là aṣọ ilé ìwé gbà á yípo, àyè sì tún kù nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé e jókòó. Wọ́n gbé àwo síwájú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí i, ó ní kó jẹun.

Jẹ́jẹ́ ò wo àwo. Ó wojú mi.

Báwo lojú mi ṣe rí nígbà náà? Jìnnìjìnnì bò mí, inú ń bí mi, ẹ̀rù ń bà mí, omijé ń bọ̀ tí mò ń lé e padà. Mo la ojú ńlá tí ìyá mi fún mi sílẹ̀ gbàgàdà. Jẹ́jẹ́ wò ó dáadáa, bí ọmọ tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Ó rọra fi ìka méjì ti àwo náà sẹ́yìn.

“Mo ti yó, ẹ ṣeun,” ó ní, ní èdè wọn, láìṣì í wí.

Ọ̀gá ò wo ọmọ mọ́. Èmi ló ń wò. Ó mú bírò.

Mo mọ ohun tó rí. Ó rí ìyá tó ranjú mọ́ ọmọ, ó rí ọmọ tí ebi ń pa tó ti oúnjẹ sẹ́yìn. Ká ní èmi ni mo jókòó síbi tó jókòó sí, màá ti kọ ìwé yẹn tán. Ojú tì mí débi pé bí ilẹ̀ bá lanu, màá wọ inú rẹ̀.

“Jẹ́jẹ́, jẹun,” mo ní.

Kò gbé ọwọ́.

“Jẹun, ọmọ mi. Mọ́mì ní kó o jẹun.”

Ó wojú mi, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí ọmọ máa ń rín tó bá mọ àṣírí. Ó rò pé à ń ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe é ni, pé ẹnu mi ń bá onílé sọ̀rọ̀. Ó tún ní òun ti yó.

Bàbá rẹ̀ dá sí i. “Jẹun o, Jẹ́jẹ́. Dádì ló wí bẹ́ẹ̀.”

“Mọ́mì ò tíì sọ, dádì.”

“Wọ́n ti sọ. O gbọ́ tí wọ́n sọ.”

“Wọn ò tíì sọ,” Jẹ́jẹ́ ní, ó sì padà sójú mi, ó ń dúró.

Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ló fi dúró báyìí. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kò sẹ́ni tó ní kó má jẹun nílé ìwé, èmi náà ò ní kó má jẹ ẹ́. Ilé onílé ni ilé ìwé jẹ́ lójú tirẹ̀. Wọ́n ń gbé oúnjẹ wá, ó ń wá ojú mi káàkiri yàrá oúnjẹ tó kún fún ọmọ, kò rí i, ojú mi wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń ka aṣọ ìbùsùn. Ó dúpẹ́, ó ní òun ti yó. Ní ìrọ̀lẹ́, mo bi í bóyá wọ́n fún wọn lóúnjẹ, wọ́n kúkú fún wọn. Mo gbá a mọ́ra nítorí rẹ̀.

Bàbá Télọ̀ ti ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ wéréwéré, ó ń tọ́ka sí ojú ara rẹ̀, ó ń tọ́ka sí ojú mi. Mo mọ ohun tó ń ṣàlàyé. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó mi orí, kò gbé bírò sílẹ̀. Ta ni yóò gba irú rẹ̀ gbọ́? Mo gbìyànjú láti ṣẹ́jú bí mo ṣe máa ń ṣe é tí mo bá fẹ́ kó jẹun. Ojú kọ̀. Omi kún inú rẹ̀, bí mo ṣe ń gbìyànjú ló túbọ̀ ń là gbàgàdà, mo sì rí i tí èjìká Jẹ́jẹ́ sún sẹ́yìn kúrò nídìí àwo.

Mo wá di ojú mi.

Mo dì í pinpin, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó. Ọwọ́ mi ń run ọṣẹ.

“Mọ́mì,” Jẹ́jẹ́ ní, “ojú yín ńkọ́?”

“Kò sí níbí,” mo ní. “Tó o bá ti wà nílé ìwé, kò sí ojú mọ́mì níbẹ̀. Ẹnu mi nìkan ló wà. Ẹnu mi sì ní kó o jẹun.”

“Lójoojúmọ́?”

“Lójoojúmọ́.”

Mo ń gbọ́ mímí Bàbá Jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta. Mo bẹ Ọlọ́run nínú òkùnkùn tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, mi ò mọ ohun tí mo wí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣíbí. Ó kan àwo lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, bí ẹni pé ó ń wò bóyá mo máa lajú. Mi ò lajú. Ó tún kan àwo. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kan án léraléra, kíákíá, láìsinmi, bí ọmọ mi ò ṣe tíì jẹun rí níwájú àlejò. Obìnrin ilé ìdáná fa ikun nídìí ilẹ̀kùn.

Bàbá Télọ̀ tẹnu bọ̀ mí létí. “Ọ̀gá ti dé ìdérí bírò rẹ̀.”

Mo mi orí. Omi ń gba àárín ìka mi jáde, mi ò lè nù ún.

Ṣíbí dákẹ́.

“Mọ́mì,” Jẹ́jẹ́ ní, ohùn rẹ̀ kéré, “ẹran ló kù.”

“Jẹ ẹ́.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, ọmọ mi.”

Mo gbọ́ tó fa àwo náà súnmọ́ra.

“Ẹ má tíì lajú o, mọ́mì,” ó ní.